Sítóòfù pẹ́lẹ́ẹ̀tì mi ń kú fúnra rẹ̀, gíláàsì rẹ̀ sì ń dú: kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo sítóòfù pẹ́lẹ́ẹ̀tì pẹ́, èyí tó ń jó hóró pákó láti mú yàrá gbóná, ẹ dákun, ẹ gbà mí. Inú ilé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ni mo ti bá a. Ẹni tó lò ó ṣáájú mi ti lọ, kò sì fi ìwé kankan sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, kò sí wàhálà. Lẹ́yìn náà ni iná rẹ̀ di pupa rúsúrúsú, tó ń ga, tó ń mì lọ́lẹ̀lọ́lẹ̀. Gíláàsì á ti dú kí wákàtí méjì tó pé. Nígbà míì mo máa tan án láàárọ̀, màá gbọ́ tí pẹ́lẹ́ẹ̀tì ń já sínú ìkòkò iná, àmọ́ kò ní gbiná. Èyí tó wá sú mi jù ni pé ó máa ń kú fúnra rẹ̀ nírọ̀lẹ́, bí ìgbà tí ẹnì kan bá pa á.

Ẹnì kan ní kí n ra irin ìdáná tuntun, irin tó ń gbóná láti tan pẹ́lẹ́ẹ̀tì, mo sì ti ní kí wọ́n bá mi fi ránṣẹ́. Ẹlòmíì ní pátákó kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ló bàjẹ́. Ẹni tó ta pẹ́lẹ́ẹ̀tì fún mi ní sítóòfù ló burú. Ẹni tó wá wo sítóòfù ní pẹ́lẹ́ẹ̀tì ló burú. Ta ni kí n gbà gbọ́?

* * *

Ẹ má tíì ra nǹkan kan mọ́. Èyí tí ẹ ti rà yẹn náà tó.

Mo ń sọ bẹ́ẹ̀ torí èmi náà ti rà rí. Ìgbà òtútù àkọ́kọ́ mi pẹ̀lú sítóòfù yìí, tèmi kọ̀, kò gbiná. Mo ti parí ẹjọ́ yẹn nínú ọkàn mi: irin ìdáná lorúkọ rẹ̀, iná ni kò dá, òun ló kú nìyẹn. Mo ra tuntun, mo fi ọjọ́ márùn-ún dúró dè é nínú òtútù, mo tú ẹ̀yìn sítóòfù, mo kì í bọ̀ ọ́, mo tan án. Pàbó. Ìgbà tí mo wá yọ ìkòkò iná jáde tí mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ ni mo rí i pé ihò tó dojú kọ irin ìdáná ti dí pátápátá. Eérú ti yọ́ síbẹ̀, ó ti le bí òkúta. Ìṣó ni mo fi gún un. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí iná fi ràn. Irin ìdáná àtijọ́ yẹn ni mo dá padà síbẹ̀, òun ni mo sì ń lò dòní. Tuntun wà nínú dúrọ́ọ̀.

Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Sítóòfù yìí gan-an ló ń bá wí.

Ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní in kì í tètè mọ̀ ni pé kò jọ ààrò onígi. Ààrò lè dá mí. Èyí kò lè dá mí. Fáànù ló ń mí fún un. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì, lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́ra di hóró gbọọrọ, wà nínú àpótí rẹ̀. Súkúrù gígùn kan tí mọ́tò kékeré ń yí ló ń fà á díẹ̀díẹ̀ já sínú ìkòkò iná. Nísàlẹ̀, fáànù kan ń fa èéfín lọ sínú páìpù. Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ó ń fà ni, kì í fẹ́ sí iná. Bó ṣe ń fa èéfín jáde ni atẹ́gùn tuntun ń gba ihò ìdí ìkòkò wọlé láti gba ipò rẹ̀. Fáànù kejì, tó ń fẹ́ ooru sí yín lára nínú yàrá, tọ̀tọ̀ nìyẹn. Kò bá iná da nǹkan pọ̀.

Nítorí náà iná pupa tó ń mì lọ́lẹ̀, gíláàsì dúdú, ìkòkò tó kún fún pẹ́lẹ́ẹ̀tì tí kò jó tán, àìgbiná láàárọ̀: orúkọ mẹ́rin, àìsàn kan. Kò rí atẹ́gùn fà. Iná tó rí atẹ́gùn tó máa ń kéré, ó máa ń funfun mọ́ ìyeyè, ó sì máa ń jó fòfò bí ẹni tí ọ̀nà ń yá.

Ti kíkú nírọ̀lẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná. Ó ń ṣe mí bíi pé ọ̀tọ̀ lòun.

* * *

Mo rí i pé ó ti tó èèyàn mẹ́ta tí wọ́n ti dáhùn níbí pé pẹ́lẹ́ẹ̀tì ló fa wàhálà yìí. Wọn ò jẹ̀bi tán, wọn ò sì jàre tán.

Pẹ́lẹ́ẹ̀tì dáadáa wà, burúkú wà. Bí àpò bá ní ENplus A1, àmì tí wọ́n fi ń dá pẹ́lẹ́ẹ̀tì tó dára mọ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni pé hóró rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 6 tàbí 8, omi inú rẹ̀ kò ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, eérú rẹ̀ kò sì ju 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi ojú inú wo ìyẹn: ọgọ́rùn-ún kílò, eérú tí kò tó kílò kan. Bí ẹ bá wá ń kó eérú kún páànù lẹ́yìn àpò méjì, òótọ́ ni pé ẹjọ́ wà níbẹ̀. Èèpo igi àti yanrìn tó bá dà pọ̀ mọ́ pákó ló máa ń jẹ́ kí eérú tètè yọ́, tó á wá dì gbagidi sínú ìkòkò. Bí ẹ bá ń bá kókó bí òkúta níbẹ̀ láràárọ̀, ẹ pààrọ̀ pẹ́lẹ́ẹ̀tì.

Àyẹ̀wò tí kò gba owó: ẹ ju hóró márùn-ún sínú ife omi. Èyí tó dára á rì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa ju omi lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ á wú, á sì tú di lẹ́búlẹ́bú. Èyí tó léfòó kò le tó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ife yẹn náà ló máa ṣẹlẹ̀ sí àpò tí ẹ gbé sórí ilẹ̀ tútù. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì tí omi ti kàn kò ṣeé sá gbẹ. Ẹ má tan ara yín jẹ.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì tó dára jù láyé, bí ẹ bá gbé e sínú sítóòfù tí imú rẹ̀ dí, á dú gíláàsì. Ẹni tó bá pààrọ̀ pẹ́lẹ́ẹ̀tì kó tó nu sítóòfù kò ní mọ èyí tó wo àìsàn náà sàn, bó bá tiẹ̀ sàn. Ẹ nu ún ná. Ẹ lo pẹ́lẹ́ẹ̀tì tí ẹ ní lọ́wọ́ fún ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá gbìyànjú àpò míì. Nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan.

* * *

Wọ́n ní kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ń nu tèmi. Ó gùn o.

Bọ́tìnnì ni ẹ ó fi pa á, ẹ má kàn fa wáyà yọ, kí fáànù lè fa èéfín tó kù jáde. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, ó lè gba wákàtí mélòó kan. Ìgbà náà ni kí ẹ tó yọ wáyà kúrò lára ògiri.

Ìkòkò iná ló kọ́kọ́ máa jáde. Ẹ ha á, ẹ gún ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ nu ibi tó jókòó sí, kí ẹ sì rí i dájú pé ó jókòó bọ́ síbẹ̀ dáadáa nígbà tí ẹ bá ń dá a padà. Bó bá gbé apá kan sókè bí kò tiẹ̀ ju bí èékánná lọ, atẹ́gùn á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kò ní gba àárín iná. Mo ti rí ibi tí ìdọ̀tí kékeré kan lábẹ́ ìkòkò ti fa gbogbo wàhálà.

Ibi tí àwọn èèyàn kì í dé ló kàn. Irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn iná bí ògiri, nínú ọ̀pọ̀ sítóòfù, ó ṣeé yọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni èéfín ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá fáànù, eérú sì ń jókòó síbẹ̀ ní tirẹ̀. Mo bá ẹnì kan tú tirẹ̀ rí, ẹni tó ń nu gíláàsì lójoojúmọ́ tó fi ń dán gbinrin. Ìdajì garawa eérú la kó lẹ́yìn irin yẹn. Ó ní òun ò mọ̀ pé ó ṣeé yọ. Bí tiyín kò bá ṣeé yọ, ẹ wá ihò kékeré tí wọ́n fi ìdérí dé lápá òsì àti ọ̀tún nísàlẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ gbá ògiri irin náà jẹ́jẹ́ kí eérú já bọ́ síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, fáànù èéfín. Ó gba kí ẹ tú ìdè mélòó kan. Bí eérú bá ti lẹ̀ mọ́ abẹ rẹ̀ nípọn, kò lè fa nǹkan kan bó tilẹ̀ ń yí kíkankíkan. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ má tẹ abẹ rẹ̀ wọ́, torí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lẹ́yìn fáànù, páìpù. Níbi tí páìpù ti yíjú sókè, ìdérí kan máa ń wà nísàlẹ̀ tí eérú ń rọ̀ sí. Ẹ ṣí i. Ẹ wá jáde síta, kí ẹ wo ẹnu páìpù. Ẹlòmíì ti fi àwọ̀n síbẹ̀ torí ẹyẹ, àwọ̀n yẹn á sì ti dí pẹ̀lú ẹ̀gbin èéfín.

Ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí nílé fa eérú yìí. Ẹ̀yinná kékeré kan tó fara pamọ́ sínú eérú lè wà láàyè fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta. Á dé inú àpò ẹ̀rọ náà, atẹ́gùn á fẹ́ ẹ, ẹ ti mọ ìyókù. Bí kò bá tiẹ̀ sí iná níbẹ̀, eérú yẹn kúnná débi pé á gba inú àpò náà kọjá padà sójú yín. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún eérú wà. Inú ohun èlò onírin tó ní ìdérí ni kí ẹ da eérú sí, níta, lórí ilẹ̀ tí kò lè jóná.

Ẹnì kan béèrè nípa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ ewé lágbàlá, pé àwọn kan máa ń fi ibi tó ti ń fa atẹ́gùn há ẹnu páìpù níta láti fa gbogbo eérú jáde lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣiṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ìkùukùu tó jáde ju ohun tí mo lè ṣàlàyé fún aládùúgbò lọ. Àmọ́ àwọn tó sọ ọ́ di oògùn gbogbonìṣe ni mi ò bá rìn. Ohun tó lẹ̀ mọ́ irin kò ní bá atẹ́gùn lọ. Búrọ́ọ̀ṣì ló mọ ìyẹn. Ó sì lágbára jù fún súìṣì tó ń wọn atẹ́gùn nínú sítóòfù, torí náà ẹ yọ rọ́bà súìṣì náà ná. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ní ìgbà òtútù kan ti tó, lórí sítóòfù tó tutù bí omi, kì í ṣe èyí tí iná ṣì wà nínú rẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ni ilẹ̀kùn. Okùn tó yí etí rẹ̀ ká ló ń dí i pa. Ẹ fi pépà pẹlẹbẹ kan há ilẹ̀kùn, ẹ tì í, ẹ fà á. Bó bá yọ wẹ́rẹ́ láìjà, ibẹ̀ ń jò. Atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé lọ bá fáànù láìdé ọ̀dọ̀ iná. Ẹ ṣe é yí ká, kì í ṣe ojú kan. Okùn tuntun kò wọ́n, ó sì rọrùn láti lẹ̀.

* * *

Ọ̀gá mi kan sọ pé: "Bí kò bá gbiná lẹ́ẹ̀kan, ẹ kàn tún tẹ̀ ẹ́, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, á gbà nígbẹ̀yìn."

Rárá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀lé ìyẹn.

Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí kò gbiná, pẹ́lẹ́ẹ̀tì mìíràn ti já lé ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, òkìtì ni. Irin ìdáná á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná nísàlẹ̀, òkìtì náà á máa rú èéfín láìní iná, èéfín ńlá funfun tó nípọn tó kún inú sítóòfù. Gáàsì tó lè jó ni èéfín yẹn. Bí iná bá wá ràn lójijì, gbogbo rẹ̀ á gbà lẹ́ẹ̀kan, gbòà! Ó lè ṣí ilẹ̀kùn, ó lè fọ́ gíláàsì. Mo ti gbọ́ tirẹ̀ nínú ilé mi; ẹ̀ẹ̀kan péré, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

Bí kò bá gbiná, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò jáde kí ẹ tó tún tan án. Bí ẹ bá sì rí èéfín nípọn láìrí iná, ẹ má ṣílẹ̀kùn sítóòfù láti yọjú wò ó. Ẹ jẹ́ kí fáànù máa fà á lọ. Bẹntiróòlù àti kẹrosíìnì? Ẹ má tiẹ̀ rò ó.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin:

Mo ṣe gbogbo ẹ̀. Lẹ́yìn irin ògiri yẹn, háà! Ihò mẹ́fà nínú mẹ́rìnlá ló ti dí nínú ìkòkò. Ìdérí ìsàlẹ̀ páìpù, bí ẹni pé wọn ò ṣí i rí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀. Pépà yọ wẹ́rẹ́ lápá òkè ilẹ̀kùn, mo ti pààrọ̀ okùn. Iná ti funfun báyìí, gíláàsì ń lo ọjọ́ méjì kó tó ní eérú, eérú náà ò sì dú, ó ní àwọ̀ eérú. Ó ń gbiná láàárọ̀. Irin ìdáná tuntun dé lánàá, mi ò tíì ṣí i. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń kú nírọ̀lẹ́! Kì í ṣe gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ iná mànàmáná ní kí n so wáyà méjì ara súìṣì atẹ́gùn pọ̀ kí n gbàgbé ẹ̀.

* * *

Mo dúpẹ́ pé ẹ béèrè kí ẹ tó so ó.

Súìṣì yẹn, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so ó mọ́ inú sítóòfù. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń mọ̀ bóyá fáànù ń fa èéfín lóòótọ́. Bí fífà náà bá dín kù, á dá súkúrù dúró kí pẹ́lẹ́ẹ̀tì má bàa já sínú iná tí èéfín rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Bí ẹ bá so wáyà yẹn pọ̀, ẹ ti dí ẹnu ajá tó ń gbó olè. Èéfín á wọ yàrá, kábọ́ọ̀nù mọnọ́kísáìdì á wà nínú rẹ̀, gáàsì tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tó ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹ lè so ó fún ìṣẹ́jú kan láti fi dán an wò, bí ẹ bá dúró tì í tí ẹ sì mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Èmi kì í tiẹ̀ sọ ìyẹn fún ẹni tuntun. Bí aago tó ń kìlọ̀ gáàsì yìí kò bá sí nínú yàrá tí sítóòfù wà àti níbi tí ẹ ń sùn sí, òun ni kí ẹ fi owó yín rà kí ẹ tó ra ohunkóhun míì.

Ẹ wo rọ́bà náà ná: ṣé ó ti là? Ṣé eérú ti dí ibi tó ti wọnú sítóòfù? Ẹ yọ ọ́ lára súìṣì kí ẹ tó fẹ́ ẹnu sí i; bí ẹ bá fẹ́ ẹ nígbà tó ṣì wà lára rẹ̀, awọ yẹn á ya.

Bó bá mọ́, ìbéèrè kan ni mo ní fún yín. Kí ni ẹ máa ń ṣe nínú ilé nírọ̀lẹ́ tí ẹ kì í ṣe láàárọ̀? Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ kì í wo aago. Bí nǹkan bá ń bàjẹ́ ní wákàtí kan náà, inú ilé ni mo máa ń wò.

* * *

Kí ẹni tó béèrè tó padà wá, ẹ jẹ́ kí n dá àwọn míì lóhùn.

Ẹni tó ní tòun kò gbiná láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀, ṣé ẹ rántí pé súkúrù náà ṣófo? Ó gba ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó kún dé òkè, ìgbà yẹn àkókò ìdáná á ti tán, á sì pariwo pé iná kò ràn. Kò sí ohun tó ṣe é. Bákan náà ni ó rí nígbàkígbà tí ẹ bá jẹ́ kí àpótí rẹ̀ tán pátápátá. Òórùn ọ̀dà tó kún ilé yín lọ́jọ́ kìíní náà, ọ̀dà ara irin ló ń jinná. Ẹ ṣí fèrèsé, lẹ́yìn ìdáná mélòó kan á lọ.

Ẹni tí súkúrù rẹ̀ dákẹ́ bí àpótí tilẹ̀ kún: ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, nígbà tí ẹ bá ti pa á. Lọ́pọ̀ ìgbà pẹ́lẹ́ẹ̀tì ti gbéra wọn ró bí afárá, ihò ṣófo wà lábẹ́ wọn. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, lẹ́búlẹ́bú ti kó jọ sísàlẹ̀ àpótí, ó ti ki mọ́ súkúrù lọ́rùn. Ẹ máa kó o kúrò lẹ́yìn àpò mélòó kan. Èmi kì í da ìdí àpò sínú sítóòfù. Mo máa ń dà á nù.

Iná mànàmáná tó bá lọ lójijì ńkọ́? Fáànù dúró, èéfín inú rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí páìpù bá lọ gbọọrọ gba ara ògiri jáde láì gòkè rárá, èéfín á padà sínú yàrá. Bó bá gòkè díẹ̀ kó tó jáde, ooru rẹ̀ á fà á lọ fúnra rẹ̀. Bátìrì tó máa gbé iná fún un kò nílò kó tóbi jù: nígbà tó bá ń jó, kò ju nǹkan bí wáàtì 100 lọ, ìgbà tí irin ìdáná bá ń gbóná ló ń fẹ́ 300 sí 400. Àmọ́ invẹ́tà tí iná rẹ̀ kò mọ́ máa ń mú kí mọ́tò rẹ̀ kùn, kó sì gbóná. Mo ti jó mọ́tò súkúrù kan bẹ́ẹ̀.

Ìjà tó kù: ṣé kí a jẹ́ kó máa jó lórí ìwọ̀n tó kéré jù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àbí kí tẹmọsítáàtì, ohun tó ń wọn ooru yàrá, máa tan án, kó máa pa á? Àwọn tó fara mọ́ ti àkọ́kọ́ ní ìdáná ló ń pa irin ìdáná, wọ́n sì tọ̀nà. Àwọn tó kù ní iná kékeré ló ń dú gíláàsì, wọ́n tọ̀nà. Lójú tèmi, ẹni tó ń lo ìwọ̀n kéré ní gbogbo ìgbà ti ra sítóòfù tó tóbi ju yàrá rẹ̀ lọ. Bó bá ti rà á ná, kó máa gbé iná sókè fún wákàtí kan lóòjọ́ kí inú rẹ̀ lè gbóná gan-an, kó jó ẹ̀gbin tó wà níbẹ̀.

Jerry Whitfield tó ṣe ọ̀kan nínú àwọn sítóòfù pẹ́lẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà nínú àwọn ọdún 1980, ẹnjiníà ọkọ̀ òfurufú ni. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni mo dẹ́kun bíbi ara mi pé kí ló dé tí atẹ́gùn fi gba gbogbo ọ̀rọ̀ sítóòfù yìí kan.

Ẹni tó ń kó tọ́ọ̀nù pẹ́lẹ́ẹ̀tì sínú yàrá abẹ́ ilé: ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa gba ibẹ̀ kọjá, kí ẹ sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì tó pọ̀ níbi tó há máa ń tú kábọ́ọ̀nù mọnọ́kísáìdì jáde láìsí iná kankan lára rẹ̀. Ó ti pa èèyàn nínú yàrá ìkópamọ́ ńlá àti nínú ọkọ̀ ojú omi. Àpò mélòó kan nínú ilé kì í ṣe irú ewu bẹ́ẹ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè tún dé:

Fáànù ilé ìdáná oúnjẹ! Mo jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta. Gbogbo ìgbà tí a bá ń se nǹkan tí a sì tan fáànù tó ń fa èéfín oúnjẹ jáde, lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú díẹ̀, iná sítóòfù á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, á pupa, súkúrù á dákẹ́. Mo ṣí fèrèsé kan díẹ̀: kò kú. Mo tì í: ó kú. Ẹni tó wá wò ó nígbà yẹn, ọ̀sán ló wá, kò sì rí nǹkan kan.

* * *

Ẹ ti rí i. Fáànù méjì ló ń du atẹ́gùn ilé kan náà, ti ilé ìdáná sì lágbára ju ti sítóòfù lọ fíìfíì. Ilé tí wọ́n dí etí fèrèsé àti ilẹ̀kùn rẹ̀ dáadáa ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Súìṣì yín kò bàjẹ́. Ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àwọn kan sì fẹ́ kí ẹ dì í lẹ́nu.

Ní báyìí, ẹ máa ṣí fèrèsé yẹn bí ìka méjì nígbàkígbà tí fáànù ilé ìdáná bá ń ṣiṣẹ́. Èyí tó máa pẹ́ ni pé kí ẹ wá páìpù tó máa mú atẹ́gùn láti ìta wá sí ẹ̀yìn sítóòfù tààrà. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ẹnu fún un. Kí ẹnu ìta rẹ̀ má sún mọ́ ẹnu páìpù èéfín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èéfín ara rẹ̀ ni sítóòfù á máa mí sínú. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ni kí ẹ fún ní iṣẹ́ yìí. Bó bá ti dé, kí ó bá yín nu ọ̀nà èéfín pátá, kí ó sì wo bí wọ́n ṣe so páìpù pọ̀. Ẹni tó lo sítóòfù yìí ṣáájú yín, tó lọ láìṣí ìdérí yẹn rí, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ìyókù tó ṣe.

Mo ní àtúnṣe kan sí ohun tí mo sọ ṣáájú. Mo ní àìsàn kan ló wà lábẹ́ orúkọ mẹ́rin, mo sì ya kíkú nírọ̀lẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára wọn. Atẹ́gùn náà ló padà jẹ́. Inú sítóòfù nìkan ni mò ń wò, mi ò wo inú ilé.

Irin ìdáná tuntun yẹn, bí wọ́n bá lè gbà á padà, ẹ dá a padà fún wọn. Bí wọn ò bá gbà á, ẹ má ṣí i, ẹ kọ orúkọ sítóòfù yín sára páálí rẹ̀ kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀. Irin ìdáná máa ń kú lóòótọ́ lọ́jọ́ kan. Ìgbà tí tiyín bá kú, ihò ìkòkò á mọ́, atẹ́gùn á wà, ẹ ó fi mítà wọn ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì, mítà ò ní mira rárá. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ tú páálí náà. Tèmi ṣì ń dúró nínú dúrọ́ọ̀.